Kí ló dé tí bàbá fi ní pápá ti kú, tí ọmọ sì ní etí òun fẹ́rẹ̀ẹ́ di?

Ní ìgbà ìwọ́wé, bó bá ti di ọjọ́ Sátidé, èèyàn tó lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún ló máa ń kóra jọ sínú pápá ìṣeré kan ní Ann Arbor, ní ìpínlẹ̀ Michigan, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Iye ìjókòó tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún pápá náà ni 107,601. Kì í ṣe ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù olówó kan ló ni ín o. Yunifásítì ló ni ín, akẹ́kọ̀ọ́ sì ni àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù nínú rẹ̀. Bí ẹ bá pàdé bàbá ẹni àádọ́rin ọdún lẹ́nu géètì, ẹni tó ti ń wá síbẹ̀ láti ìgbà tó ti ń kàwé, á mi orí, á ní, "Pápá ti kú. Ẹ ò débẹ̀ nígbà tiwa ni." Ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó ń kàwé níbẹ̀ lónìí á ní etí òun ṣì ń hó látàná.

Àwọn méjèèjì kò parọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń dàrú mọ́ni lójú gan-an nìyẹn, pàápàá àwa tí ọmọ tàbí àbúrò wa wà ní yunifásítì lọ́hùn-ún, tí wọ́n ń fi fídíò ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp, tí a ò mọ ohun tí à ń wò. Ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́: bọ́ọ̀lù tí mo ń wí kì í ṣe èyí tí à ń fi ẹsẹ̀ gbá ní Ìbàdàn. Bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ni, èyí tó rí ṣóńṣó ní orí àti ní ìdí, tí wọ́n ń fi ọwọ́ jù, tí wọ́n ń gbé sá, tí òmìrán mọ́kànlá ń dí òmìrán mọ́kànlá lọ́nà. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́ láàárín yunifásítì méjì wáyé ní ọjọ́ 6 oṣù Kọkànlá ọdún 1869 ní New Brunswick, ní ìpínlẹ̀ New Jersey, nígbà tí Rutgers fi 6 sí 4 na Princeton. Ẹ̀rín ibẹ̀ ni pé eré ọjọ́ yẹn jọ bọ́ọ̀lù tiwa ju ti òní lọ, nítorí kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ gbé bọ́ọ̀lù sá.

Ohun kejì ni pé ariwo níbẹ̀ kì í ṣe ayọ̀ lásán. Ohun ìjà ni. Nínú eré náà, agbábọ́ọ̀lù kan wà tó ń darí àwọn yòókù. Ó máa ń pariwo àmì kí bọ́ọ̀lù tó ta, ìyẹn kí eré tó gbéra. Bí àwọn òmìrán tó wà níwájú rẹ̀ kò bá gbọ́ ọ, ọ̀kan nínú wọn á ta pọ́ún kí àsìkò tó tó, adájọ́ á fọn fèrè, wọ́n á sì dá wọn padà sẹ́yìn ní yáàdì márùn-ún. Nítorí náà, bí àlejò bá mú bọ́ọ̀lù lọ́wọ́, onílé á pariwo bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Bí bọ́ọ̀lù bá wá bọ́ sọ́wọ́ onílé, gbogbo pápá á dákẹ́ kẹ́kẹ́. Àlejò tó kọ́kọ́ débẹ̀ máa ń rò pé inú wọn ti bàjẹ́ ni. Iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe. Láti ọdún 2024, òfin ti gbà kí akọ́nimọ̀ọ́gbá máa bá agbábọ́ọ̀lù kan sọ̀rọ̀ nínú akoto rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń pa ohùn náà nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú-àáyá 15 kí bọ́ọ̀lù ta. Ìṣẹ́jú-àáyá 15 yẹn ṣì wà lọ́wọ́ àwọn òǹwòran.

Ó dáa. Bí ariwo bá jẹ́ iṣẹ́, kí ló ń mú kí ìran kan rò pé ìran kejì kò mọ̀ ọ́n ṣe?

Ẹ wo ilé náà fúnra rẹ̀ ná. Nígbà tí wọ́n kọ́ pápá Michigan ní 1927, ilẹ̀ ni wọ́n gbẹ́ wọnú. Ẹni tó ń kọjá lójú títì lè má mọ̀ pé ohun tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ wà níbẹ̀. Ìjókòó rẹ̀ ń gòkè díẹ̀díẹ̀, ó tẹ́ bí àwo, ohùn sì máa ń gba ẹnu àwo náà fò lọ sójú ọ̀run. Ìdí nìyẹn tí àwọn àlejò fi ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọ́n pọ̀ bí eṣú, ariwo wọn kò sì tó nǹkan. Nígbà tó di 2010, wọ́n parí ilé gíga méjì sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì pápá, tí yàrá onígíláàsì wà nínú rẹ̀ fún àwọn olówó. Àwọn àgbà bínú. Wọ́n ní ẹni tó jókòó sẹ́yìn gíláàsì, tó ń jẹun nínú ooru, kò lè hó bí ẹni tí òtútù ń pa lórí àga irin. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n ògiri gíga méjì náà kò jẹ́ kí ohùn àwọn tó wà nísàlẹ̀ fò lọ mọ́. Ilé tí wọ́n kọ́ fún àwọn tí kì í hó ló wá sọ ìhó àwọn yòókù di ńlá. Bàbá ń wo gíláàsì, ó ní pápá ti kú. Ọmọ ń gbọ́ ohun tí ògiri dá padà, ó ní etí òun ń hó.

Èyí tó wá fa ọ̀rọ̀ jù lójú tèmi ni ti amóhùnmáwòrán. Títí di 1984, NCAA, àjọ tó ń ṣàkóso eré ìdárayá àwọn yunifásítì, ló ń pinnu eré tó máa jáde lórí amóhùnmáwòrán àti iye ìgbà tí ilé-ìwé kan lè fara hàn. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé bí èèyàn bá lè wò ó nílé, kò ní wá sí pápá mọ́. Àwọn yunifásítì Oklahoma àti Georgia gbé wọn lọ sílé ẹjọ́, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà sì dá wọn láre ní oṣù Kẹfà ọdún 1984, adájọ́ méje sí méjì. Láti ìgbà náà ni ilẹ̀kùn ti ṣí sílẹ̀ gbayawu. Owó rọ̀jò. Ṣùgbọ́n ẹni tó sanwó fún eré ló wá ń yan àsìkò.

Nígbà ayé bàbá yẹn, aago kan ọ̀sán ni eré ń bẹ̀rẹ̀ ní Ann Arbor. Kò sí ẹni tó ń béèrè. Èèyàn mọ ìgbà tí yóò kúrò nílé, ìgbà tí yóò jẹun, ìgbà tí yóò tún rí ẹbí rẹ̀. Kò tiẹ̀ sí iná lójú pápá náà fún eré alẹ́. Oṣù Kẹsàn-án 2011 ni wọ́n kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù alẹ́ níbẹ̀, pẹ̀lú yunifásítì Notre Dame, níwájú èèyàn 114,804. Lónìí, nígbà mìíràn, ọjọ́ méjìlá péré, tàbí mẹ́fà pàápàá, ló máa ń ṣáájú eré kí wọ́n tó sọ aago tí yóò bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo ẹni tó ń wakọ̀ wákàtí mẹ́rin wá.

Nǹkan mìíràn tún wà tí ẹni tó ń wò ó nílé kì í rí. Ìṣẹ́jú 60 ni wọ́n kà fún eré náà, ṣùgbọ́n ó máa ń ju wákàtí mẹ́ta lọ dáadáa. Lára ohun tó ń gba àsìkò náà ni ìpolówó ọjà. Nílé, ẹ̀ ń wo ìpolówó mọ́tò àti oògùn. Nínú pápá, gbogbo èèyàn kàn dúró ni. Àwọn agbábọ́ọ̀lù dúró. Ẹnì kan wà létí pápá tó ń ka ìṣẹ́jú ìpolówó náà, tí kò sì sẹ́ni tó lè ta bọ́ọ̀lù àfi tó bá gbà. Òtútù ń mú yín, ìgbóná tí ẹ fi ariwo dá sílẹ̀ ń tutù lọ. Nígbà tí bàbá bá ń sọ pé pápá ti kú, mo fura pé àlàfo yẹn ló ń sọ nípa rẹ̀, bí kò tilẹ̀ mọ̀.

Kí ni wọ́n wá fi dí àlàfo náà? Ibẹ̀ ni ìjà orin ti bẹ̀rẹ̀. Láyé àtijọ́, ẹgbẹ́ onífèrè ilé-ìwé ló ni gbogbo ohùn tó bá jáde yàtọ̀ sí ti èèyàn. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń jẹ́ Louis Elbel ló kọ orin ìṣẹ́gun Michigan ní 1898, òun ni wọ́n sì ń fọn títí dòní. (Ẹni tó bá ń ṣàárò ayé àtijọ́ kó má gbàgbé pé obìnrin kankan kò sí nínú ẹgbẹ́ onífèrè náà títí di 1972.) Nígbà tó yá, wọ́n gbé sípíkà ńlá wọlé. Bí ìpolówó bá bẹ̀rẹ̀, orin ráàpù tàbí ti rọ́ọ̀kì á bú jáde, àyà yín á máa lù. Àwọn àgbà ní ilé ijó kọ́ nìyí. Ní 2014, ẹ̀hónú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Michigan lórí owó tíkẹ́ẹ̀tì àti bí wọ́n ṣe ń sọ pápá wọn di ọjà wà lára ohun tó mú kí ọ̀gá àgbà eré ìdárayá ilé-ìwé náà fi ipò sílẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí pé ọ̀dọ́ ló ṣe ẹ̀hónú yẹn, kì í ṣe àgbà. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ọ̀dọ́ ń fẹ́ tuntun.

Àṣà wọ̀nyí sì tètè ń gbó. Ní Wisconsin, kí ìpín kẹrin eré (ìpín mẹ́rin ni wọ́n pín in sí) tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n máa ń lu orin ráàpù kan tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ń fò sókè sódò sí, tí pápá á máa mì tìtì. Bí ẹ bá gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, ẹ ó rò pé ayé baba ńlá wọn ni wọ́n ti bá a. Ọdún 1998 ló bẹ̀rẹ̀. Ní 2003, àwọn aláṣẹ dá a dúró fún eré kan ṣoṣo nítorí wọ́n ń tún pápá ṣe, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n nípa ilé náà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fárígá pé wọ́n ń pa àṣà àwọn run. Àṣà ọlọ́dún márùn-ún! Wọ́n dá a padà ní eré tó tẹ̀ lé e.

Ní Florida, ẹ lè rí ìran méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Láti 1949, ọkùnrin kan, George Edmondson, tí kò tiẹ̀ kàwé ní ilé-ìwé náà, máa ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ yẹ́lò pẹ̀lú táì, á fọn fèrè, á dá orin kékeré kan nípa owó kọ́bọ̀, àwọn èèyàn á gbè é. Kò sí sípíkà, kò sí ẹni tó san owó fún un. Kìkì ẹnu àti apá ni. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ títí di 2008. Lẹ́yìn náà, ní oṣù Kẹwàá 2017, olórin Tom Petty tí wọ́n bí ní ìlú Gainesville, níbi tí yunifásítì náà wà, kú. Wọ́n lu orin rẹ̀ kan láàárín ìpín kẹta àti ìkẹrin, gbogbo pápá sì kọ ọ́ pẹ̀lú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, eré kan kì í parí níbẹ̀ láìkọ orin yẹn. Ti Edmondson, ẹnì kan ló gbìn ín, ó sì gba ọgọ́ta ọdún. Ti Petty, ikú kan ló mú un wá, ó sì fẹsẹ̀ múlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ọmọ tó wọ yunifásítì náà lónìí kò lè ronú pé ìgbà kan wà tí kò sí i.

Ṣùgbọ́n mo fẹ́ ká dúró díẹ̀ ní Mississippi, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ "ìgbà tiwa ló dáa jù" ti máa ń há ni lọ́fun.

Ní alẹ́ ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án 1962, Yunifásítì Mississippi ń bá Kentucky gbá bọ́ọ̀lù ní ìlú Jackson. Ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ ti ní kí wọ́n gba James Meredith, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú, wọlé sí yunifásítì náà. Nígbà tó di ìsinmi ìdajì eré, Gómìnà Ross Barnett jáde sáàárín pápá, ó ní òun nífẹ̀ẹ́ Mississippi, òun nífẹ̀ẹ́ àwọn èèyàn rẹ̀ àti àṣà wọn. Gbólóhùn díẹ̀ ni. Pápá bú sáyọ̀, àsíá àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù tó jagun nítorí kí oko ẹrú má bàa dópin sì ń fẹ́ lẹ́lẹ́ káàkiri. Bí a bá ń fi ìgbóná wọn pápá, alẹ́ ọjọ́ yẹn á wà lára èyí tó gbóná jù nínú ìtàn. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ nínú ọgbà yunifásítì náà, èèyàn méjì sì kú. Meredith forúkọ sílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e.

Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní 1972, aláwọ̀ dúdú kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù fún ilé-ìwé náà. Ní 1982, John Hawkins di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ láàárín àwọn tó ń darí ìhó lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, ó sì kọ̀ jálẹ̀ pé òun ò ní gbé àsíá yẹn. Ilé-ìwé yọwọ́ kúrò nínú rẹ̀ ní ọdún kejì, ṣùgbọ́n àwọn òǹwòran kò yéé mú un wá. Ọgbọ́n tí wọ́n wá dá ní 1997 wù mí púpọ̀: wọn kò fòfin de àsíá, nítorí òfin Amẹ́ríkà kò fẹ́ kí ìjọba máa dí ẹnu èèyàn. Igi ni wọ́n fòfin dè. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ mú ọ̀pá wọ pápá mọ́, nítorí ààbò. Àsíá tí kò ní ọ̀pá, aṣọ lásán ni. Kò pẹ́ tó fi dín kù. Ní 2016, ẹgbẹ́ onífèrè ṣíwọ́ orin Dixie, orin tí wọ́n ti ń fọn láti ìgbà ìyàsọ́tọ̀ aláwọ̀ funfun àti dúdú. Àwọn kan ṣì ń sọ títí dòní pé láti ọjọ́ yẹn ni adùn ti kúrò nínú pápá. Ó yẹ kéèyàn bi wọ́n pé adùn ta ni.

Àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọn kò gbà wọlé níbi wọ̀nyẹn kò sì fọwọ́ lẹ́rán. Wọ́n ní yunifásítì tiwọn, wọ́n sì ní ìgbóná tiwọn. Ní Grambling, ní Louisiana, Eddie Robinson ni akọ́nimọ̀ọ́gbá láti 1941 títí di 1997, ó sì borí nínú eré 408. Láti 1974 ni Grambling àti Southern, yunifásítì aláwọ̀ dúdú mìíràn ní Louisiana, ti ń pàdé ní New Orleans lọ́dọọdún, yàtọ̀ sí ìgbà díẹ̀. Níbi tí ilé-ìwé mìíràn ti ń fi ìsinmi ìdajì eré lọ ra oúnjẹ, níbẹ̀, ìgbà eré gan-an ni èèyàn ń lọ ra á. Bó bá di ìdajì, ẹ jókòó o. Ẹgbẹ́ onífèrè méjèèjì ló fẹ́ bára wọn jà, fèrè sí fèrè, ìlù sí ìlù, ijó sí ijó. Ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń fi ìlù pe ìlù níjà lóde àríyá wa kò ní béèrè àlàyé. Ìran tuntun kò sì rí ìdí láti gbé sípíkà bò ó.

Ọ̀rọ̀ ẹni tó wọlé yìí kàn wá pẹ̀lú. Ní 2022, ẹni tó ń ta bọ́ọ̀lù gba àárín ẹsẹ̀ sẹ́yìn fún Michigan, iṣẹ́ tó jẹ́ pé ariwo gan-an ni ọ̀tá rẹ̀, ni Olusegun Oluwatimi, ọmọ tiwa. Lọ́dún yẹn, ó gba àmì ẹ̀yẹ Rimington, ti ẹni tó mọ iṣẹ́ yẹn ṣe jù, àti Outland, ti òmìrán iwájú tó dára jù, méjèèjì. Orúkọ yẹn lẹ́yìn aṣọ, nínú pápá tí wọ́n gbẹ́ ní 1927!

Oluwatimi fúnra rẹ̀ sì tún ń ṣàlàyé nǹkan mìíràn tó ń bí àgbà nínú. Virginia ló ti ń gbá bọ́ọ̀lù tẹ́lẹ̀. Ọdún kan ṣoṣo ló lò ní Michigan. Láyé àtijọ́, ẹni tó bá fẹ́ yí ilé-ìwé padà ní láti jókòó fún ọdún kan láì gbá bọ́ọ̀lù. Ní báyìí, wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀. Láti oṣù Keje 2021, wọ́n lè gbowó lórí orúkọ àti àwòrán wọn, láti 2025 sì ni ilé-ìwé fúnra rẹ̀ ti lè sanwó fún wọn. Mo rò pé ó tọ́. Àwọn ló ń fara gba ìyà. Ṣùgbọ́n ó yí ohùn pápá padà. Ọmọ kíláàsì yín tó jù bọ́ọ̀lù sọnù, ẹ ó kẹ́dùn fún un. Ẹni tó gba owó ńlá tó jù ú sọnù, ẹ ó hó lé e lórí.

Ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń tètè lọ sílé ńkọ́? Ní 2013, Nick Saban, akọ́nimọ̀ọ́gbá Alabama nígbà náà, bínú ní gbangba pé wọ́n ń kúrò kí eré tó parí. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ń borí jù ni. Bí àmì ayò bá ti yàtọ̀ gan-an, kí ni ẹni ogún ọdún ń dúró wò nínú oòrùn? Ní 2019, ilé-ìwé náà gbé áàpù kan jáde tó ń fi fóònù mọ̀ bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣì wà nínú pápá. Ẹni tó bá wá gba máàkì 100. Ẹni tó bá dúró dé ìpín kẹrin gba 250 sí i, kó lè rí tíkẹ́ẹ̀tì eré ńlá rà. Àwọn mìíràn fi ọtí bẹ̀ wọ́n. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ló ti fòfin de bíà títà nínú pápá tẹ́lẹ̀, tí àwọn èèyàn sì ń jáde lọ mu ún níbi ìgbọ́kọ̀sí, tí àwọn kan kì í padà. Ẹgbẹ́ ńlá kan ti àwọn ilé-ìwé gúúsù gbà á láyè ní 2019, Michigan bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní 2024.

Ẹ má sì gba gbogbo iye tí wọ́n bá kéde gbọ́ bí ẹ ti gbọ́ ọ. Nígbà púpọ̀, tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n tà ni wọ́n ń kà, kì í ṣe orí tó wọlé. Nebraska ń yangàn pé gbogbo ìjókòó àwọn ti ń tán láti oṣù Kọkànlá 1962, òótọ́ sì ni, ṣùgbọ́n àwọn ìgbà kan wà láìpẹ́ yìí tí àwọn olówó ní láti ra ìyókù kí okùn náà má bàa já.

Èyí tí mo fi sẹ́yìn ni ti Iowa. Ní 2017, wọ́n ṣí ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá Kinnick níbẹ̀, tó ga tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọ tó wà ní àjà òkè lè wo eré láti ojú fèrèsé. Olólùfẹ́ ẹgbẹ́ náà kan kọ ọ́ sórí Facebook pé, ṣé a ò lè juwọ́ sí wọn ni? Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn, bí ìpín àkọ́kọ́ bá ti parí, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rin èèyàn á kọ ẹ̀yìn sí pápá. Àwọn agbábọ́ọ̀lù onílé, àlejò, adájọ́, ẹni tó ń ta bíà. Bàbá ẹni àádọ́rin ọdún àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ á gbé ọwọ́ sókè, wọ́n á máa jù ú sí ojú fèrèsé, àwọn ọmọ náà á máa ju tiwọn padà láti òkè, àwọn mìíràn pẹ̀lú okùn omi lápá. Lẹ́yìn náà wọ́n á yíjú padà, bọ́ọ̀lù á wà lọ́wọ́ àlejò, ariwo á sì tún bẹ̀rẹ̀.